Báàjì Tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tú

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ìyá Báàjì fi ń rán àmì ilé ìwé kan ṣoṣo mọ́ àyà kóòtù ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú yàrá ìránṣọ níbi tí obìnrin mẹ́sàn-án àti ọkùnrin kan ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó ń gbá bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ni Ìyá Bọ́tìnnì. Ọkùnrin tó ń gé aṣọ ni Agéṣọ. Ẹni tó jókòó ti fèrèsé, tó kó báàjì jọ sínú agolo bísíkíìtì lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ìyá Báàjì?

Báàjì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré lọ. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ wà lára rẹ̀, ayé róbótó wà lórí ìwé náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í fi èdè rẹ̀ kíra ládùúgbò sì wà nísàlẹ̀. Ìyá Báàjì kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí, kò sì béèrè rí. Ohun tó mọ̀ ni pé tí òwú aláwọ̀ wúrà tó fi ń rán an bá fi bíńtín yà sí apá kan, ilé ìwé á dá kóòtù padà, ọ̀gá á sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni wọ́n jẹ́ kó kà kí wọ́n tó ní kó wá jókòó ti màmá rẹ̀ nídìí máṣíìnì. Nọ́ńbà kò dẹ́rù bà á rí, torí ìwọ̀n aṣọ ló ń fi jẹun láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ni kì í dúró fún un. Tó bá tẹjú mọ́ ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kún, àfi bíi pé àwọn lẹ́tà náà ń rìn lọ bí èèrà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Àìsàn oṣù mẹ́rin ló gbé e lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọmọ náà ní Akọ̀wé láti ìgbà tó ti mọ ìwé kà, torí kò sí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí tí ojú rẹ̀ á kọjá lára rẹ̀ tí kò ní kà á: páálí ọṣẹ, ẹ̀yìn ìgò oògùn, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọlọ́jọ́ dé, Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi ọmọ mi sí ilé ìwé tó dáa. Ẹ jọ̀ọ́.” Gbogbo ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ilé ìwé kankan. Ẹ bá mi rántí èyí o, torí Ìyá Báàjì gbàgbé rẹ̀.

Ilé ìwòsàn san owó kan sí bánkì lẹ́yìn ikú Nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni Ìyá Báàjì ò fi fọwọ́ kan án. Òrùlé yàrá rẹ̀ ń jò, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Eyín ń dùn ún, ó yọ ọ́ dànù dípò kó tún un ṣe. Ó ní owó Akọ̀wé ni.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá kó kóòtù tuntun wá sí yàrá ìránṣọ. Ìyá Báàjì gbé ọ̀kan sókè, ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè wo ibi tí báàjì máa jókòó sí. Akọ̀wé ló rí nínú kóòtù náà, kedere, pẹ̀lú ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ àti etí rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ gbọ́ o,” ó ní, “lọ́dún tó ń bọ̀, ti ọmọ tèmi náà máa wà nínú èyí tí mò ń rán.”

Ìyá Bọ́tìnnì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. “Èwo ni ti ọmọ tiyín?”

“Akọ̀wé ń lọ sí Íńtánáṣọ́nà.”

“Íńtá kí ni? Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fọwọ́ kan iwájú orí Ìyá Báàjì, bóyá ó ń gbóná!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Akọ̀wé. Kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ Sátidé ni ilé ìwé ní kí àwọn òbí wá wo àyíká. Ìyá Báàjì wọ aṣọ búlúù tí kò wọ̀ mọ́ láti ìgbà ìsìnkú, ó fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mú Akọ̀wé lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń rán báàjì wọn, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wọ géètì wọn. Ọkùnrin kan tó de táì mú wọn yí ká: kíláàsì tó tutù bí inú fíríìjì, yàrá kọ̀ǹpútà, adágún omi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, yàrá tí ìwé kún dé àjà. Akọ̀wé dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé yẹn bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ní ti ìyá àgbà, àyà àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọjá ló ń wò. Èmi ni mo rán ìyẹn. Èmi ni mo rán ìyẹn náà. Báàjì ọmọkùnrin kan yà sí apá kan díẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fà á mọ́ra kó tún un ṣe.

Nígbà tó yá, wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngán, wọ́n pín omi inú ike, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ìwé kan tí wọ́n kọ owó sí. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan béèrè ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún òkè òkun, òmíràn béèrè bóyá owó bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ìyá Báàjì tẹ ìwé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń mi orí nígbàkigbà tí àwọn yòókù bá mi orí. Ó rí nọ́ńbà kan tó tóbi. Ó rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ géérégé. Ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ni kò dúró.

Akọ̀wé fara tì í. “Màmá àgbà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé—”

“Ṣẹ́ẹ̀!”

“Ẹ wò ó, wọ́n ní kálukú—”

Ìyá Báàjì na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó já ọmọ náà lẹ́kánná nítan. Obìnrin tó fín lọ́fínńdà tó ń ta sánsán ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ti ń yíjú. Ṣé kí obìnrin yẹn wá rí i pé ọmọ ló ń ka ìwé fún àgbàlagbà? Akọ̀wé fọwọ́ pa itan rẹ̀, ó dákẹ́.

Ọkùnrin onítáì dé ọ̀dọ̀ wọn. “Màmá, ṣé gbogbo rẹ̀ yé yín?”

“Ó yé mi yékéyéké.”

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ ó wá san ìdajì yìí, ká lè di àyè rẹ̀ mú.”

Ara Ìyá Báàjì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìdajì kẹ̀! Ṣé kì í ṣe bí àwọn náà ti ń ṣe nìyẹn? Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, ó máa san ìdajì kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, tó bá wá gbé e, a san ìdajì tó kù, kálukú a máa lọ. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò tíì rí owó àkọ́kọ́ tí wọn kì í yọ kúrò nínú àpapọ̀. Àṣé àwọn olówó náà kò yàtọ̀ sí aránṣọ! Ó tún fi nọ́ńbà ńlá yẹn wé owó tó wà ní bánkì, ó rí i pé yóò gbé ọmọ náà fún ọdún mẹ́ta gbáko. Tó bá di ọdún kẹrin, Ọlọ́run á pèsè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó san owó fọ́ọ̀mù, ó san ìdajì, ó sì fọwọ́ sí ibi tí wọ́n fi bírò tọ́ka sí.

Agéṣọ ló gé kóòtù Akọ̀wé. Aṣọ tó ṣẹ́ kù lára ti ilé ìwé ni, àwọ̀ búlúù tó dúdú, ó sì gé e lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìsinmi ọ̀sán tirẹ̀. Bó ṣe ń fi ẹfun sàmì sí apá rẹ̀ ló béèrè, láìgbójú sókè, “Ìyá Báàjì, owó tí wọ́n pè yẹn, ṣé ti ọdún ni àbí ti táàmù kan? Torí àwọn ilé ìwé wọ̀nyẹn—”

Ó yẹ kó gbọ́ ìyókù. Ohun tó sọ ni pé, “Agéṣọ, ìwọ tí ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó sórí ilẹ̀ ní ilé ìwé ọ̀fẹ́, níbo lo ti wá mọ owó Íńtánáṣọ́nà?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́tìnnì tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, ó kọjú sí bọ́tìnnì rẹ̀. Agéṣọ fi ọwọ́ gbọn ẹfun dànù lórí aṣọ, ó sì gé apá kejì tán, ó gé kọ́là, ó ká a, ó gbé e lé e lọ́wọ́. “Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi,” ló sọ.

Ìyá Báàjì rán kóòtù náà. Ó mú báàjì kan nínú agolo, ó sọ fún ọ̀gá kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rán an mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe máṣíìnì, kò sí ojú rírán kan tó ga ju èkejì lọ. Ó fi í kọ́ sórí ìṣó nínú yàrá wọn nílé. Tó bá jí láàárọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ wò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọlé, ó lọ san ìdajì tó kù. Akọ̀wé tẹ̀ lé e. Àwọn òbí tò sí iwájú fèrèsé kan tí wọ́n fi irin dí, omidan agbowó kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó ti owó wọlé lábẹ́ irin. Omidan náà kà á.

“Ẹ ṣé, Màmá. Ṣùgbọ́n ìdajì lẹ mú wá yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìdajì tó kù ni. Mo ti san ti àkọ́kọ́. Rìsíìtì rẹ̀ rèé.”

Omidan náà wo rìsíìtì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Màmá, èyí kì í ṣe ara owó ilé ìwé. Owó tí a fi di àyè mú ni. Ọwọ́ wa ló máa wà títí ọmọ yóò fi kúrò níbí, ìgbà náà la máa dá a padà fún yín. Odindi owó táàmù yìí ṣì wà nílẹ̀.”

“Owó táàmù báwo?”

“Ti táàmù yìí nìkan. Tó bá di ọdún tuntun, ẹ ó san ti ìkejì, ẹ ó tún wá san ti ìkẹta. Ti bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ dá dúró láyè tiwọn.”

Nọ́ńbà kò dẹ́rù bà á rí, ṣùgbọ́n wọ́n bà á lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn. Kíá ni orí rẹ̀ ṣírò rẹ̀: owó tó rò pé yóò gbé ọmọ náà fún ọdún mẹ́ta kò ní pé ọdún kan. Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ṣìnràn, ṣìnràn.

“Màmá, ṣé ẹ ò ka ìwé tí a fún yín ni?” omidan náà béèrè. Kò fi ẹ̀gàn sí i rárá. Bóyá tó bá fi ẹ̀gàn sí i, ìbá sàn.

Ibi tí Ìyá Báàjì ti ṣe ohun tí kò gbàgbé mọ́ láyé rẹ̀ nìyí. Ó yíjú sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó nawọ́ sí i, ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: “Ọmọ yìí ló kà á fún mi. Kò kà á dáadáa.”

Akọ̀wé gbójú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo bàtà ara rẹ̀.

“Ẹ má bínú sí i, Màmá,” omidan ní. “Ọmọdé ni. Ìwé yẹn le fún un.”

Ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. “Má dààmú, ọmọ dáadáa. Wọ́n á kọ́ ẹ ní ìwé kíkà níbí.”

Wọ́n dá owó padà fún un lábẹ́ irin. Bó ṣe jáde ní géètì, kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, Akọ̀wé jókòó ti fèrèsé bó ti máa ń ṣe. Ọmọ yìí, tí wọ́n bá wọkọ̀, kì í jẹ́ kí etí sinmi: yóò ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù, yóò ka ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú, yóò ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀, yóò sì kú sẹ́rìn-ín. Pátákó ń kọjá lọ́jọ́ náà, kò ka ọ̀kankan. Ìyá Báàjì ń dúró kó ka ẹyọ kan. Ó dúró títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n jókòó nínú yàrá, kóòtù ń wo àwọn méjèèjì láti orí ìṣó. Ohun tó ń yí nínú ìyá àgbà kò dára. Ó ń rò ó pé kí òun sáà san ti táàmù kan. Kí ọmọ wọlé. Kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rí i. Tó bá yá, a lè sọ pé ara ọmọ ni kò yá, tàbí pé ọ̀nà ló jìn. Àyè kan ṣì wà tí ojú ò fi ní tì í. Owó ọmọ rẹ̀ tó kú ló máa fi ra àyè náà, ó sì mọ̀, ó ṣì ń rò ó.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Màmá àgbà, ṣé owó wa tó táàmù kan?”

“Ó tó.”

“Tí mo bá lọ fún táàmù kan péré, mo lè yára kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo lè ka ìwé inú yàrá yẹn ní àkókò ìsinmi. Mi ò ní ṣeré.”

Ìyá Báàjì fi etí ìró bo ojú rẹ̀. Ọmọ tí òun ti parọ́ mọ́ láàárọ̀ ló ń wá ọ̀nà láti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú lọ́sàn-án.

“Lọ mú ìwé yẹn wá,” ó ní. “Kà á fún mi. Láti òkè.”

Akọ̀wé kà á. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Owó táàmù kọ̀ọ̀kan, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Owó fọ́ọ̀mù, tí wọn kì í dá padà. Owó ìdáyèmú, tí kì í ṣe ara owó ilé ìwé. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin iná orí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọmọ rẹ̀ kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di ọjọ́ Fúráìdé ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn yóò sì dá owó ìdáyèmú rẹ̀ padà. Tí ọjọ́ náà bá kọjá, ó di tiwọn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Fúráìdé náà pé.

“Ibí yìí ni mo fẹ́ kà fún yín lọ́jọ́sí,” Akọ̀wé ní, ó fi ìka sórí “táàmù kọ̀ọ̀kan”. Kò fi ṣe ẹjọ́. Ó kàn ń fi ibẹ̀ hàn án.

“Mo parọ́ mọ́ ọ lónìí.”

“Mo mọ̀.”

“Jọ̀ọ́, ọkọ mi.”

Ọmọ náà ń ká etí ìwé. “Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?”

“Fún ta ni? Àwọn yẹn ò mọ̀ wá rí, a ò sì ní padà—”

“Ọ̀gbẹ́ni yẹn rẹ́rìn-ín,” Akọ̀wé ní. “Ó ní wọ́n máa kọ́ mi ní ìwé kíkà.”

Ìyá Báàjì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdé, wọ́n padà sí fèrèsé onírin. Ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, mẹ́fà tàbí méje. Títí tó fi dé iwájú ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ronú pé òun lè sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kó wọ ihò irin yẹn lọ bá omidan nìkan. Akọ̀wé ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè.

“Ọmọ mi, mo ní ohun tí mo fẹ́ tún ṣe kó tó di pé a sọ ti owó. Mo sọ fún yín níjẹta pé ọmọ yìí ò ka ìwé dáadáa. Irọ́ ni. Ó kà á, ó sì yé e. Èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo já a lẹ́kánná. Èmi ni mi ò mọ̀wé.”

Omidan náà wò ó, ó sì wo Akọ̀wé. Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan wo fóònù rẹ̀, ẹnì kan wúkọ́, òmíràn béèrè bóyá fèrèsé yìí náà ni wọ́n ti ń san ti bọ́ọ̀sì. Ohun tó gba oorun lójú Ìyá Báàjì fún odindi ọjọ́ méjì, kò gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀ etí rẹ̀ ń jó bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án.

Wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé gun àga kan, ó ń kà á sókè, ó sì ń kọ ọ́. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí òbí fi ń yọ ọmọ rẹ̀.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” ìyá àgbà ní, “pé màmá rẹ àgbà ò ka ìwé tí wọ́n fún un, ó kàn ń mi orí níwájú àwọn èèyàn torí pé ojú ń tì í.”

Akọ̀wé ronú díẹ̀, ó kọ nǹkan, ó gbé bírò sílẹ̀. Ìyá Báàjì wò ó. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ gígùn nǹkan. Ohun tí òun sọ gùn ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

“Kí lo kọ?”

“ ‘Owó náà pọ̀ jù fún wa.’ ”

Ó tún ti bò ó láṣìírí. Ìyá Báàjì mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Owó fọ́ọ̀mù ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní ti ìdáyèmú yóò padà sí bánkì láàárín oṣù kan, ó sì padà.

Ọ̀la rẹ̀, ó gbé kóòtù lọ sí yàrá ìránṣọ nínú àpò. Báàjì kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ìwé ló ni ín, wọ́n sì ń ka gbogbo èyí tó wà nínú agolo. Ó lọ dúró sí iwájú tábìlì Agéṣọ, ó tẹ́ kóòtù náà lé e lórí.

“Ti táàmù kan ni,” ó ní.

Agéṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. “Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

“O mọ̀ ọ́n?”

“Àbúrò mi obìnrin kó sí i lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ń san gbèsè rẹ̀ títí dòní.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò jẹ́ kí n dé àárín rẹ̀ tí ẹ fi sọ ibi tí àwọn ọmọ mi ń jókòó sí fún mi.”

Gbogbo máṣíìnì ti dákẹ́. Ìyá Báàjì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀. Agéṣọ fò dìde, ó mú un lápá méjèèjì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má fi èyí ṣépè fún mi! Abẹ́rẹ́ pọ̀ nílẹ̀ yẹn!”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa,” Ìyá Bọ́tìnnì ní, “wọ́n á bá wa ṣa bọ́tìnnì tó já bọ́ láàárọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀.

Agéṣọ fún un ní bíléèdì tuntun. Ìyá Báàjì jókòó sí ibi fèrèsé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàjì náà, ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Ó ti rán an dáadáa jù. Ó gbà á ní gbogbo ọ̀sán. Nígbà tó yọ tán, ihò kéékèèké yí ibẹ̀ ká, ó rí bí báàjì náà ti rí. Ó fi omi wọ́n ọn, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kò lọ tán. Akọ̀wé wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí i. Ìyá Báàjì ń rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Ilé ìwé aládàáni mìíràn wà lẹ́yìn òpópónà àwọn oníṣẹ́ igi, kíláàsì mẹ́fà, fáànù kọ̀ọ̀kan, kò sí adágún. Obìnrin tó ni ín ló gbà wọ́n fúnra rẹ̀ nínú ọ́fíìsì tóóró kan. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń dúró. Obìnrin náà na ìwé iye owó sí Ìyá Báàjì.

Ìyá Báàjì kò gbà á. “Ẹ bá mi fún ọmọ mi. Òun ló ń kàwé fún mi.” Bàbá yẹn yíjú wò ó. Etí rẹ̀ tún gbóná, ó jókòó sínú ooru náà. “Kà á sókè, Akọ̀wé. Láti òkè.”

Akọ̀wé gba ìwé náà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì gbé itan rẹ̀ kúrò lábẹ́ tábìlì, kúrò níbi tí ọwọ́ lè dé. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Ìyá Báàjì rí i. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níbi tí ọmọ náà ti lè máa wò wọ́n.

“ ‘Owó ilé ìwé,’ ” Akọ̀wé kà, ó sì dúró, ó wo ojú ìyá àgbà, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Máa kà á lọ,” ó ní. “Ti táàmù ni, àbí ti ọdún?”